Ère Òkúta Ẹ̀sìẹ́: Ẹ̀rí Ìtàn Tó Wà Nítòsí Wa

Ìfáàrà
Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ àwọn ibi tó yẹ ní àbẹ̀wò nílẹ̀ Yorùbá, Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Èyí kò burú. Àjọ UNESCO pàápàá ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n láti Ìjàgbó tàbí Ọ̀fà, a kò ní í kúrò ní Ìpínlẹ̀ Kwara kí a tó dé Ẹ̀sìẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, níbi tí ère òkúta tó lé ní 800 wà. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé Ẹ̀sìẹ́ kì í ṣe ibi ìran-wíwò lásán. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń wádìí ìtàn nígbà tí àwọn ẹ̀rí kò bá fẹnu kò.

Bí àwọn ère náà ti rí
Òkúta rírọ̀ kan tó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ ni a fi gbẹ́ wọn. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn mìíràn mú idà lọ́wọ́. Irun orí wọn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn àti ilà ojú wọn kò rí bákan náà. Àwọn kan kéré débi pé ọwọ́ kan tó láti gbé wọn. Èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní ọba àwọn ère ga tó nǹkan bíi mítà kan. Ó hàn gbangba pé àwùjọ tó mọ oyè, tó mọ ogun, tó sì mọ oge í ṣe ni àwọn agbẹ́gilére náà ń fi hàn.

Ohun tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ
Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò sọ pé àwọn baba ńlá wọn ló gbẹ́ ère wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àlejò kan ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, tí wọ́n sì di òkúta, kí a tó bá wọn nínú igbó. Ẹni tó bá ju ìtàn yìí nù bí àlọ́ ti sọ ẹ̀rí pàtàkì nù. Kókó kan fara sin sínú rẹ̀: àwọn ère náà ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìlú tó ń tọ́jú wọn lónìí.

Ohun tí ìwádìí fi hàn
Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa àwọn ère náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni. Ní ọdún 1945, a dá mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Phillips Stevens, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí wọn, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1978. Àyẹ̀wò tí a ṣe sí àwọn ohun amọ̀ sísun tí a rí níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí amọ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí òkúta. Àwọn kan ń wo Ifẹ̀, àwọn mìíràn ń wo Nupe, fún orísun àwọn ère náà. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ẹ̀rí tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá.

Ewu tó wà níbẹ̀
Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ti fọ́, orí àwọn mìíràn ti kúrò lára wọn. Ní ọdún 2000, àjọ àgbáyé fún mùsíọ́ọ̀mù, ICOM, ka ère Ẹ̀sìẹ́ mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí olè ń dọdẹ jù. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ẹyẹ tí a fi irú òkúta yìí gbẹ́ ló wà lórí àsíá wọn láti ọdún 1980. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn tí kì í rí i. Tiwa ń bẹ lẹ́bàá wa, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ohun tí a kò mọ̀ kò ṣeé ṣọ́.

Ìkádìí
Ó yẹ kí olùkọ́ tó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ẹ̀sìẹ́ gbé ìbéèrè mẹ́ta ka iwájú wọn: kí ni ojú rí? Kí ni ẹnu sọ? Kí ni àyẹ̀wò fi hàn? Kí wọ́n kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì wo ibi tí wọ́n ti bára mu àti ibi tí wọ́n ti yapa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe èyí yóò mọ̀ pé ìtàn kì í ṣe ohun àkọ́sórí. Bí ó bá sì dàgbà, kò ní í dákẹ́ nígbà tí olè bá ń gbé ogún rẹ̀ lọ.