Igi Mẹ́sàn-án Nínú Àpótí Kan

Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ afárá Dọpẹmu láàárọ̀ á ti rí bí àwọn agbèrò ṣe ń to ẹrù sí búùtù ọkọ̀. Àpò gààrí ló ń kọ́kọ́ wọlé, agbọ̀n tòmátì á tẹ̀ lé e, láílọ́ọ̀nù kéékèèké ni wọ́n á wá fi dí àlàfo.

Ọgbọ́n yẹn gan-an ló já wa kulẹ̀ nígbà tí káfíńtà kan gé igi mẹ́sàn-án fún wa. Mẹ́fà jẹ́ pẹlẹbẹ, gígùn wọn méjì, ìbú méjì, nínípọn ọ̀kan. Mẹ́ta tó kù dà bí horo ṣúgà. Kí gbogbo wọn wọ àpótí tó jẹ́ mẹ́ta ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, ó parí. 24 àti 3 jẹ́ 27, ìṣirò ò ṣì. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko la fi bá a jìjàkadì.

Orúkọ Jan Slothouber àti William Graatsma, àwọn ayàwòrán ilé ará Netherlands, ni wọ́n fi ń pe eré náà. Irú rẹ̀ ti wà ṣáájú. Ní àwọn ọdún 1930 ni Piet Hein ará Denmark ronú kan Soma, igi méje tó ń di 27 náà. Ní 1961, John Conway àti Michael Guy fọwọ́ wá gbogbo ọ̀nà tí Soma fi lè wọ àpótí, láìlo kọ̀ǹpútà: 240. (Ó jọ pé wọn ò ní ìdánwò lọ́sẹ̀ yẹn.) Tiwa yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, bó ti wù kéèyàn yí àpótí po.

Ẹ wo ìpele kan nínú àpótí náà: ihò 9 ló ní. Igi pẹlẹbẹ tó bá wọ ibẹ̀, ihò 2 tàbí 4 ló máa gbà. Kò sí bí 2 àti 4 ṣe lè di 9. Nítorí náà ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ìbáà kà á látòkè, láti iwájú tàbí láti ẹ̀gbẹ́, gbọ́dọ̀ gba horo kékeré kan, mẹ́ta péré la sì ní. A fi ọ̀kan sí igun, ọ̀kan sí àárín gbùngbùn, ọ̀kan sí igun tó kọjú sí ti àkọ́kọ́. Àwọn pẹlẹbẹ wọlé wẹ́rẹ́. Ohun tí a fẹ́ fi dí àlàfo ló yẹ ká ti kọ́kọ́ gbé!

Conway ṣe èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi 18 nínú àpótí 5 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló di kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Kòrónà ló pa bàbá náà ní oṣù kẹrin ọdún 2020.

A gbé igi wa lọ bá agbèrò kan lábẹ́ afárá. Ó to pẹlẹbẹ márùn-ún, ó wo èyí tó kù títí, ó ní ká lọ mú búùtù tó tóbi jù yẹn wá.