Ohùn Inú Àpótí: Sípíkà àti Àwọn Alátùn-únṣe Rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ọdún 1939 ni àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì wọ Ìbàdàn. Ìjọba amúnisìn ti kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1935, láti máa gba ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì fi wáyà pín in kiri ilé. Àpótí náà kò lè fúnra rẹ̀ gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́. Sípíkà kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè tàbí kí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ń san owó lóṣooṣù, ohun kan náà ni gbogbo ilé sì ń gbọ́. Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ bá a mu: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gba èsì.

Ní ọdún 1942 ni wọ́n sé Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, kí omi ẹ̀rọ lè wọ ìlú. Bí omi ṣe ń gba inú páìpù láti Ẹlẹ́yẹlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ń gba inú wáyà dé ilé. Ibi tí wáyà ti já ni iṣẹ́ alátùn-únṣe ìgbà náà pọ̀ sí jù. Nǹkan inú àpótí kò pọ̀ débi tí yóò máa dàrú.

Ìgbà tí rédíógíráàmù dé ni nǹkan yí padà. Nigerian Broadcasting Service, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ohùn sì ti ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó owó gbé Grundig, Telefunken tàbí Philips sí pálọ̀: àpótí pákó ńlá tó ní rédíò àti ẹ̀rọ tí ń yí àwo orin. Ẹni tí ń tún un ṣe ni wọ́n ń pè ní rédíónííkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ́ ọ nílé ìwé. Wọ́n jókòó ti ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n gba ìyọ̀ǹda.

Sípíkà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rédíógíráàmù: wúfà ńlá fún ohùn ìsàlẹ̀, tíwítà kékeré fún ohùn òkè. Ohùn méjèèjì kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà kan. Nínú àwùjọ onídùndún, ìyáàlù ní iṣẹ́ tirẹ̀, gúdúgúdú ní tirẹ̀, wọn kì í sì gba iṣẹ́ ara wọn ṣe. Ohun tí ń pín iṣẹ́ yìí nínú àpótí ni wọ́n ń pè ní kurọsóbà. Kọ́ìlì bàbà ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá sí wúfà. Kapásítọ̀ ń dí ohùn ìsàlẹ̀ yìí lọ́wọ́ kó má dé tíwítà. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ṣókí, kapásítọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo kurọsóbà.

Kapásítọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń darúgbó. Bébà tí wọ́n fi omi kẹ́míkà rẹ ló wà nínú rẹ̀, láàárín awẹ́ alumíníọ̀mù méjì. Ooru ń fa omi náà gbẹ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ṣírò pé bí ooru bá fi dígíríì 10 lé, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ á dín sí ìdajì, pálọ̀ tí páànù bò ní Ìbàdàn kò sì tutù. Bí ó bá ti gbẹ, ohùn òkè á rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òǹkà rẹ̀ á fò sókè, ohùn ìsàlẹ̀ á ráyè wọ tíwítà, á sì jó o.

Èdè Yorùbá ń fi àbùkù yìí hàn lọ́nà tirẹ̀. Àmì ohùn kò sọnù, torí pé ìsàlẹ̀ ni agbára ohùn ènìyàn wà. Ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ṣì mọ àmì òkè yàtọ̀ sí àmì ìsàlẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè, /s/ àti /ṣ/, ni wọ́n ń kú, nítorí òkè pátápátá ni agbára wọn wà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà á sì dàbí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ sípíkà àtàtà ni wọ́n ti jù sẹ́yìn ilé báyìí, nígbà tí ohun tó bàjẹ́ kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba (SAP) ọdún 1986, tí náírà já wálẹ̀, ẹ̀rọ tuntun wọ́n, àtúnṣe sì gbilẹ̀. Tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, tí wọ́n ń já ní Alábà ní Èkó, mú sípíkà alápótí méjì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè ra tuntun. Àwọn yẹn náà ti dàgbà kí wọ́n tó dé: fóòmù etí wọn ń jẹrà nínú ọ̀rinrin, kapásítọ̀ wọn sì ti gbẹ.

Alátùn-únṣe tó mọṣẹ́ á fi òkúta 1.5 volt kan wúfà kó wo bóyá bébà rẹ̀ fò. Kọ́ìlì kì í gbẹ, nítorí náà kò ní í tètè yọ ọ́. Á fi mítà wo rẹsísítọ̀, èyí tí ń dín agbára tó ń lọ sí tíwítà kù, bóyá ó ti jó. Kapásítọ̀ ló máa pààrọ̀: bí 4.7 microfarad ló wà níbẹ̀, 4.7 náà ló máa fi sí i, volt rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín. Bí ó bá fi onírọ́bà, tí kì í gbẹ, rọ́pò rẹ̀, tíwítà lè pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fi rẹsísítọ̀ kékeré kún un. Àpótí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ tún ṣe papọ̀, àfi bí ó bá fẹ́ kí ohùn wọn yàtọ̀. Kó tó dé àpótí pa, kí ó fi ìròyìn Yorùbá dán an wò ṣáájú orin: kí "sá" àti "ṣá" yàtọ̀ ní etí.