Igi Kan Ṣoṣo Lẹ́bàá Títì: Ìtàn Ẹgbẹ́ Tó Ń Dáàbò Bo Ewéko Ìbílẹ̀ ní Kalifóníà

Lónìí, ọ̀rọ̀ ewé ni mo gbé wá. Kì í ṣe ewé tí màmá yín ń fi sínú ọbẹ̀ o, kì í sì í ṣe àgbo. Ìtàn àwọn ènìyàn kan ní Kalifóníà ni, àwọn tí wọ́n kó ara wọn jọ nítorí ewéko tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó la títì tàbí kọ́ ilé alájà síbẹ̀. California Native Plant Society ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọdún 1965 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ń bẹ títí di òní.

Kí ni ewéko ìbílẹ̀? Ní ṣókí, ewéko tó ti wà ní ibì kan fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe pé ènìyàn ló gbé e wá láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú igi ọ̀pẹ tí ẹ ń rí nínú fíìmù Hollywood, àjèjì ni wọ́n. Irú ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló jẹ́ ti Kalifóníà gan-an. Igi eucalyptus tó kún orí òkè Oakland àti Berkeley, láti Ọsirélíà ló ti wá, láyé àwọn tó ń wa góòlù. Ẹ má rò pé tiwọn nìkan ni. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, àgbàdo, ata rodo, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá bá wa. Koríko kan sì wà tí àwọn àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Chromolaena odorata ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Láti Amẹ́ríkà lòun náà ti wá, ó sì ń bo oko mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló nilẹ̀. Ẹ bi bàbá yín èwo nínú orúkọ méjèèjì ni wọ́n ń lò nílé wọn. Ìdáhùn wọn lè jẹ́ kí ẹ mọ olóṣèlú tí bàbá àgbà ò fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kalifóníà. Ìlú San Francisco tí ẹ mọ̀ yẹn, òkúta kan wà lábẹ́ apá kan ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní serpentine. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé, ó ń dán. Ilẹ̀ tó bá ti ara òkúta yìí jáde kì í ní oúnjẹ tó pọ̀ fún igi, irin nickel tó wà nínú rẹ̀ sì lè pa ewéko tí kò bá mọ́ lára. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wà níbẹ̀ pẹ́ títí tó ti mọ́ wọn lára, wọn kì í sì í sí níbòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni manzanita. Àwọn ará Sípéènì ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ápù kékeré, nítorí èso rẹ̀. Èèpo ara rẹ̀ pupa, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, òdòdó rẹ̀ sì dà bí agogo wẹ́wẹ́. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn onílẹ̀ ti ń jẹ èso náà, tí wọ́n sì ń fi ṣe ohun mímu. Irú manzanita tó wà ní Kalifóníà lé ní 50. Èyí tó jẹ́ ti San Francisco, tó ń rá mọ́lẹ̀ lórí òkúta, Alice Eastwood ló kọ́kọ́ fún un ní orúkọ nínú ìwé, lọ́dún 1905.

Obìnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Toronto ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1859 (ẹ̀yin ará Kánádà, ẹ ṣé). Òun ló ń bójú tó ewéko gbígbẹ ní California Academy of Sciences, nílé ńlá kan ní Market Street. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906, ìmìtìtì ilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní San Francisco, iná sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Eastwood débẹ̀, àtẹ̀gùn ilé ti wó, iná sì ń bọ̀. Àjà kẹfà ni ewéko rẹ̀ wà. Irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló dì mú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n fi gùn ún dé òkè. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ó ti ya àwọn ewé tó ṣe pàtàkì jù sọ́tọ̀ síbi kan, ìyẹn àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ewéko ní orúkọ. Bí ẹni pé ó ti mọ̀. Wọ́n so ewé wọ̀nyí mọ́ okùn, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ó ń lọ sí 1,500 tí wọ́n gbà là. Ìyókù jóná. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tún òmíràn kó jọ.

Ibi tí manzanita San Francisco pọ̀ sí nígbà náà, itẹ́ òkú ni. Laurel Hill ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ kó yé wa ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í kọ́ṣọ́ọ̀bù sórí òkú. Bí igbó Òṣun ní Òṣogbo ṣe dá igi ńlá dúró nígbà tí ilé yí i ká, bẹ́ẹ̀ náà ni itẹ́ òkú ṣe dá manzanita sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti di wúrà ní San Francisco. Ìjọba ìlú ti kọ́kọ́ fòfin de ìsìnkú láàárín ìlú, nígbà tó sì di 1937, àwọn aráàlú dìbò pé kí wọ́n kó àwọn òkú kúrò. Nǹkan bí 35,000 òkú ni wọ́n hú ní Laurel Hill, tí wọ́n kó lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Colma. Títí di òní, àwọn alààyè tó ń gbé Colma kò tó 2,000, òkú ibẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ ò rí i pé àlejò ibẹ̀ kì í padà sílé.

Nígbà tó di 1947, kátàpílà ti ro ilẹ̀ Laurel Hill palẹ̀. Gbogbo ayé gbà pé manzanita ìlú náà ti tán nínú igbó. Ohun tó kù ni èyí tí àwọn ènìyàn díẹ̀ ti hú kúrò níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ọ̀kan nínú wọn ni James Roof, ọkùnrin kan tó fi àpò ìdọ̀họ kó manzanita kúrò láàárín sàréè. Ọgbà kan ló kó o lọ, ní òdìkejì omi, lórí òkè Berkeley. Ọjọ́ kìíní ọdún 1940 ni Roof bẹ̀rẹ̀ ọgbà yẹn nínú Tilden Park. Ewéko Kalifóníà nìkan ló ń gbìn síbẹ̀, ó sì pín ọgbà náà bí a ṣe pín ilẹ̀ Kalifóníà: apá kan fún aṣálẹ̀, apá kan fún etí òkun, apá kan fún orí òkè tí yìnyín ti ń bọ́.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn aláṣẹ páàkì fẹ́ gbé ọgbà Roof kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ rò ó wò: igi tó ti lo ogún ọdún, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rinlẹ̀, ẹ fẹ́ gbé e bí ẹni ń gbé àga? Àwọn tó fẹ́ràn ọgbà náà kó ara wọn jọ. Ọ̀mọ̀wé wà nínú wọn, ìyàwó ilé wà nínú wọn, àwọn tó kàn ń ṣe ọgbà sẹ́yìn ilé wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n lọ jókòó sí ìpàdé àwọn aláṣẹ, wọn ò dákẹ́ títí àwọn aláṣẹ fi jáwọ́. Ọgbà kò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun tán, wọn ò tú ká. Wọ́n ní bó bá ṣe é ṣe fún ọgbà kan, ó ṣe é ṣe fún gbogbo Kalifóníà. Bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1965 nìyẹn.

G. Ledyard Stebbins, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì tó wà ní Davis, di ààrẹ ẹgbẹ́ lọ́dún 1966. Ènìyàn ńlá ni nídìí ìmọ̀ bí ewéko ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1950 ṣì lókìkí. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ yìí, káàdì ló ń kọ. Láti 1968, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ewéko tó ṣọ̀wọ́n sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí káàdì tirẹ̀, àti ibi tó wà. Lọ́dún 1974 wọ́n tẹ àkójọ náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé. Lójú tèmi, káàdì wọ̀nyẹn lágbára ju ìwọ́de lọ. Ìdí ni pé òfin Kalifóníà ti ọdún 1970 ní kí ìjọba wo ohun tí iṣẹ́ ìkọ́lé máa bàjẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ta ló wá mọ ohun tó máa bàjẹ́? Ẹni tó ti kà á ni. Ewéko tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àkójọ ẹgbẹ́ yìí, akọ́lé ò lè ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Lọ́dún 1977, òfin tó wà fún ewéko ìbílẹ̀ nìkan tún jáde. Títí di òní, àmì tí ẹgbẹ́ náà ń fi síwájú orúkọ ewéko ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò. 1A ni ti àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n ti pòórá ní Kalifóníà. 1B ni ti àwọn tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ àti níbòmíràn.

Manzanita mìíràn tún wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Lọ́dún 1952, ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, Peter Raven, rí igi kan ní Presidio. Bárékè ológun ni Presidio, àwọn ará Sípéènì ló tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1776. Ẹ tún rí i: bí kò bá jẹ́ òkú ló ń ṣọ́ ilẹ̀, á jẹ́ sójà. Orúkọ Raven ni igi náà ń jẹ́ lónìí, òun fúnra rẹ̀ sì dàgbà di ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ewéko tó lókìkí jù lágbàáyé. Igi ìyá kan ṣoṣo náà ló kù nínú igbó. Àwọn yòókù, ẹ̀ka ara rẹ̀ ni wọ́n gé gbìn, bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn.

Ó wá di oṣù kẹwàá ọdún 2009. Wọ́n ń tún ọ̀nà Doyle Drive ṣe, ọ̀nà tó lọ sórí afárá Golden Gate. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gé igi tó bo ilẹ̀ kan láàárín títì. Daniel Gluesenkamp, onímọ̀ ewéko, ń wa mọ́tò rẹ̀ kọjá, ó sì rí ohun kan tó ń rá mọ́lẹ̀ láàárín eruku. Ó padà lọ wò ó. Manzanita San Francisco ni! Èyí tí wọ́n ti ń sọ láti 1947 pé ó ti tán nínú igbó. Ó wà láàárín mọ́tò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n gbẹ́ igi náà pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, gbogbo ẹrù náà tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 10, wọ́n fi tírélà gbé e lọ síbòmíràn nínú Presidio. Wọn ò sọ ibẹ̀ fún aráyé, kí olè má baà gé e. Lọ́dún 2012 ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ mọ́ àwọn tí òfin ń dáàbò bò.

Owó tí wọ́n ná lé ní 200,000 dọ́là, ariwo sì sọ. Àwọn kan ní ṣebí wọ́n ń ta manzanita yìí lọ́jà òdòdó, tí kò tó 20 dọ́là. Òótọ́ ni, wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a gé lára igi mélòó kan tí wọ́n gbà là láyé Roof ni ti ọjà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po. Àrùn kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn. Igi ẹ̀bá títì yìí, ìdílé mìíràn ni. Èmi ò ní sọ pé owó náà kéré, pàápàá ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń sùn sábẹ́ afárá. Síbẹ̀, ẹni tó ń tún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe kò sọ pé kí wọ́n dín ọ̀nà kù kí wọ́n fi kọ́lé fún wọn.

Ìbéèrè tó le jùyẹn ni pé, ta ni onílẹ̀? Àwọn kan nínú wa máa ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé kí a hu àjèjì. Mo mọ ibi tó ń ta wọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ewéko àjèjì, ẹgbẹ́ yìí ò bá wọn jà. Àwọn tó ń fún ẹlòmíràn lọ́rùn ni wọ́n ń hu, bíi ice plant tí wọ́n gbé wá láti South Africa tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibi tí mo ti rò pé àwọn aláfẹ́ràn ewéko kù díẹ̀ káàtó ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé igbó náà ń dá tọ́jú ara rẹ̀. Lọ́dún 2005, M. Kat Anderson tẹ ìwé Tending the Wild jáde. Ó fi hàn pé àwọn ọmọ onílẹ̀ Kalifóníà ló ń dáná sun igbó lákòókò rẹ̀, tí wọ́n ń gé igi, tí wọ́n ń fọ́n irúgbìn. Òyìnbó pè é ní igbó. Oko ni lójú àwọn tó ni ín.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà lónìí kò ní ariwo. Ó lé ní 30 ẹ̀ka. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń hu èpò, tí wọ́n ń ka òdòdó, tí wọ́n ń fi àlejò mọ igi. Ní nǹkan bí oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ta igi, nítorí ìgbà òtútù ni òjò wọn ń rọ̀, ó sì yẹ kí gbòǹgbò ti wọlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Ẹ̀yin tó bá wà nítòsí Berkeley, ọgbà Roof ṣì wà ní Tilden, wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ ó rí manzanita níbẹ̀. Ẹ kàn kíyè sí i pé láti oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kẹta, wọ́n máa ń ti South Park Drive, ọ̀kan nínú ọ̀nà tó débẹ̀. Ẹran kékeré kan tó jọ alángbá, tí wọ́n ń pè ní newt, ló ń sọdá títì lọ sínú omi lásìkò yẹn, wọn ò sì fẹ́ kí mọ́tò tẹ̀ ẹ́. Ẹ gba Wildcat Canyon Road.