Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ àti Ẹni Tí Ó Ń Lò Ó: Ẹ̀kọ́ Láti Ibùdó Gààrí Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ẹ̀rọ tí ó bá iṣẹ́, owó àti ara ẹni tí ń lò ó mu ni ẹ̀rọ tí ń pẹ́ nílé. Donald Norman àti Stephen Draper ṣe olóòtú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 1986, èyí tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlànà láàárín àwọn onímọ̀: ẹni tí yóò lo nǹkan ni kí ẹni tí ń ṣe é kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí ẹ̀gẹ́ kí ìwé náà tó jáde. Ìtàn ẹ̀rọ gààrí, bí a ṣe ń rí i láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, fi hàn pé ohun mẹ́ta ní í mú ẹ̀rọ dúró: kí obìnrin tí ń ṣe gààrí lè sanwó rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ ká a, kí ẹni tí yóò tún un ṣe sì wà nítòsí.

Iṣẹ́ gààrí ní ètò tirẹ̀. Wọn á hó ẹ̀gẹ́, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á rin ín, wọn á dì í sínú àpò kí omi rẹ̀ lè ro, wọn á jọ̀ ọ́, wọn á sì yan án. Kò sí ìkankan tí a lè fò níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀gẹ́ ní èròjà tí ń di májèlé sáyánáìdì. Rínrin ní í fọ́ ara ẹ̀gẹ́ tí májèlé náà fi ń tú jáde. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ó lò nínú àpò ní í mú kí gààrí kan. Iná ní í sì lé púpọ̀ nínú májèlé tí ó ṣẹ́kù lọ. Ẹ̀rọ tí kò bá fara mọ́ ètò yìí yóò ba ìtọ́wò gààrí jẹ́, ó sì lè ba ìlera ẹni tí yóò jẹ ẹ́ jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́

Páànù tí a fi ìṣó lu ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ láyé àtijọ́. Obìnrin á di ẹ̀gẹ́ mú, á máa tì í lọ, á máa fà á bọ̀ lójú páànù, títí yóò fi kù bín-íntín, tí eyín páànù yóò sì fẹ́ kan ìka rẹ̀. Felix Nweke, Dunstan Spencer àti John Lynam ṣàlàyé nínú The Cassava Transformation, tí ó jáde ní 2002, pé àwọn Faransé ni ó gbé ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ wọ Dahomey, èyí tí í ṣe Benin òní, ní àwọn ọdún 1930. Àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì Nàìjíríà ni ó wá tún un dá, tí wọ́n fi irin àlòkù àti ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó ṣe é.

Bí a bá tú u wò, kò ní àṣírí kankan: igi róbótó kan tí a fi páànù olójú ìṣó wé, àpótí irin tí ẹ̀gẹ́ ń gbà wọlé, ẹ́ńjìnnì, àti bẹ́líìtì tí ó so wọ́n pọ̀. Bí eyín páànù bá kúnu, ẹlẹ́rọ á tú u, á tẹ́ páànù tuntun sórí pákó, á fi ìṣó àti òòlù lu ú ní ẹsẹẹsẹ, á wé e padà, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí ó lò níbẹ̀ tí kò sí lọ́jà. Obìnrin tí ó ru ẹ̀gẹ́ wá kò sì ní láti ra ẹ̀rọ; iye báàfù tí ó bá rin ni yóò san owó rẹ̀. Bí ó ṣe bá àpò àti ọwọ́ wọn mu nìyẹn.

Jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ omi kúrò lára ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú gba ọ̀nà yìí wọlé. Òkúta ńlá ni wọ́n ń gbé lé àpò tẹ́lẹ̀ kí omi lè ro. Nígbà tí ẹnì kan wá gbé jáàkì ọkọ̀ sáàárín férémù irin, kò sí ẹni tí a ní láti kọ́ bí a ti ń lò ó, nítorí pé kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ jáàkì.

Híhó: ibi tí ẹ̀rọ kò tíì dé

Ọ̀bẹ ṣì ni ọba nídìí híhó. Àwọn obìnrin á jókòó sórí àpótí yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọn á fi ọ̀bẹ la èèpo lóròó, wọn á ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, wọn á sì ká a kúrò. Èèpo náà a máa di oúnjẹ ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì àti ibùdó ìwádìí ti gbìyànjú láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìrísí ẹ̀gẹ́ ni ó ń dá wọn dúró. Ẹ̀gẹ́ kan wú bí ìgò, òmíràn tẹ̀ kọrọdọ bí ìwo àgbò. Èèpo èyí nípọn, tọ̀hún fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ tí kò bá fi èèpo sílẹ̀ lára ẹ̀gẹ́ á gé ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Ẹlẹ́rọ lè ka ìyẹn sí àdánù díẹ̀. Lójú obìnrin tí ń ta gààrí, èrè rẹ̀ ni ó ń bá èèpo lọ yẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìṣòro yìí tún wúwo sí i láti ìgbà tí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti pín irú ẹ̀gẹ́ TMS tí ń so púpọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1970. Bí oko ti ń so sí i ni òkìtì tí ń dúró de ọ̀bẹ ń ga sí i.

Ta ni ẹni tí ń lò ó?

Ọkùnrin ló sábà máa ń ni ẹ̀rọ rínrin. Obìnrin ló ni ẹ̀gẹ́. Bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá bi ọkùnrin náà léèrè, ọ̀rọ̀ epo àti agbára ẹ́ńjìnnì ni yóò sọ. Obìnrin tí ń gbé báàfù sókè dé àyà kí ó tó lè da ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ yóò ní kí wọ́n rẹ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Bákan náà ni ti yíyan. Ààrò tí ó ní ihò èéfín, tí a sì ń koná rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ń gba ojú àti àyà obìnrin lọ́wọ́ èéfín. Ṣùgbọ́n tí agbada bá ga jù tàbí tí a bá dé e pa, obìnrin náà kò ní lè fi igbá ro gààrí bó ti yẹ, kò ní lè fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ. Ọwọ́ àti etí yẹn ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Èyí kò sọ pé gbogbo ohun tí ó ti mọ́ni lára ló dára. Páànù tí ń dípẹtà lè ta sínú gààrí; bẹ́líìtì tí a kò bò lè fa aṣọ tàbí ọwọ́ ẹni wọlé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ló mọ irin tí kì í dípẹtà, òun ló sì yẹ kó sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìmọ̀ kún ohun tí àwọn obìnrin ń lò, láìgba ìdájọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kò sí ibi tí ó rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí ju àgbègbè Ìgbómìnà lọ. Ibùdó àpapọ̀ fún lílo ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, tí a mọ̀ sí NCAM, tí òfin ọdún 1990 gbé kalẹ̀, wà ní Ìdófìàn lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán. Ṣíṣe ẹ̀rọ tí ó bá oko àti oúnjẹ ilẹ̀ yìí mu sì wà lára iṣẹ́ tí a yàn fún un. Yunifásítì Landmark, tí ó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Kò sí èyí tí ibùdó gààrí jìnnà sí nínú méjèèjì. Nídìí òkìtì ẹ̀gẹ́ ni ó yẹ kí ìwádìí ẹ̀rọ tí ń hó ẹ̀gẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ náà ni a ó sì ti dán an wò. Èyí tí obìnrin Òmù-Àrán lè san owó rẹ̀ ní báàfù kọ̀ọ̀kan, tí wẹ́dà Àjàṣẹ́-Ìpo sì lè tún ṣe, ni yóò gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ obìnrin náà.