Ibi tí Fáírọ́ọ̀sì Lassa Ti Ń Di Sẹ́ẹ̀lì Mú

Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Èkìtì, àwọn àgbẹ̀ a máa sá àgbàdo àti èlùbọ́ sí etí títì, èkúté a sì máa débẹ̀. Ìtọ̀ èkúté kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló ń gbé ibà Lassa wọ inú oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó bá Èkìtì pààlà, wà lára ibi tí àìsàn náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà.

Ọdún 1969 ni ayé mọ ibà yìí, ní ìlú Lassa lápá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta tó wà lẹ́nu iṣẹ́ míṣọ̀n kó o. Méjì kú, ẹ̀kẹta tí wọ́n gbé lọ sí New York sì yè. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Yale ló rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn.

Ó di 1998 kí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tó mọ ohun tí fáírọ́ọ̀sì náà ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì: purotéènì tí wọ́n ń pè ní dystroglycan. Purotéènì yìí wúlò fún ara. Apá méjì ló ní. Apá kan gún awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, ó sì so mọ́ okun tó wà nínú. Èkejì wà lóde pátápátá, ó di ohun tó yí sẹ́ẹ̀lì ká mú, kí iṣan má bàa ya nígbà tó bá ń sún kì. Apá òde yìí gùn, ṣúgà sì bò ó. Lórí rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n kan wà, tí ṣúgà oríṣi méjì ń tẹ̀lé ara wọn ní kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì ń wá. Jíìnì LARGE ló ń pèsè òṣìṣẹ́ tó ń hun ún.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá. Ní 2007, àwọn tó yẹ jíìnì àwọn Yorùbá Ìbàdàn wò rí i pé ẹ̀yà LARGE kan ti gbilẹ̀ láàárín wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n dábàá pé ibà Lassa ló fà á láti ìran dé ìran. Àbá ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á sí ààbò ń tan ara rẹ̀, nítorí Yorùbá ṣì ń kú ikú Lassa ní Ọ̀wọ̀.

Ní 2014 ni a mọ̀ pé bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tí ibẹ̀ sì di kíkan, ó máa ń fi dystroglycan sílẹ̀, á di purotéènì mìíràn, LAMP1, mú.

Ní 2017 ni àwòrán purotéènì ojú fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, èyí tó fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú, jáde ní Amẹ́ríkà. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kóra jọ bí ààrò. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Weizmann ní Ísírẹ́lì fi hàn pé ṣóńṣó orí, níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ni ẹ̀wọ̀n ṣúgà ti ń wọlé, ó sì ń fara kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Purotéènì yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìdánwò rẹ̀ dé Àbújá ní 2024.