Àtúnhù Ẹ̀yà Ara: Ohun Tí Ìwádìí Ti Fi Hàn

Bí ìrù alángbá bá gé, òmíràn á hù, ṣùgbọ́n kì í rí bíi ti àkọ́kọ́: eegun rírọ̀ ló ń wà nínú rẹ̀ dípò eegun líle. Axolotl, ẹran omi kan ní Xochimilco, orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ta á yọ. Bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ bá gé, odindi ẹsẹ̀ ló ń hù, teegun-tẹran. Ní 1744, Abraham Trembley tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí hydra, ẹ̀dá omi kékeré kan, jáde: bí a bá gé e sí méjì, apá kọ̀ọ̀kan á di odindi. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ibi tí agbára yìí mọ lára ènìyàn.

Ẹ̀dọ̀ ló ní jù nínú àwọn ẹ̀yà inú wa. Ní 1931, Higgins àti Anderson gé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyókù ti tóbi tó ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí a gé kọ́ ló ń hù o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù ló ń pín, tí wọ́n ń pọ̀ sí i, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi tó ìwọ̀n tí ara nílò, kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Lórí èyí ni Russell Strong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ní Brisbane, Ọsirélíà, ní 1989, tí wọ́n fi gé lára ẹ̀dọ̀ ìyá fún ọmọ rẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì yọrí.

Awọ ara àti ẹ̀jẹ̀ la ọ̀nà mìíràn. Ní 1975, Rheinwald àti Green ṣàlàyé bí a ṣe lè tọ́ sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn nínú abọ́ yàrá ìwádìí. Ẹni tí iná jó gan-an ti ń jàǹfààní rẹ̀. Ní ti ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú mùdùnmúdùn egungun ló ń pèsè tuntun. E. Donnall Thomas gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí pípààrọ̀ mùdùnmúdùn yìí, èyí tó lè wo àrùn fòníkú-fọ̀ládìde sàn. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin, ní Nàìjíríà, ṣe é ní 2011.

Ọkàn kò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sweden ní 2009 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn ló ń di ọ̀tun lọ́dún fún ẹni ọdún 25, ó sì ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà. Bí apá kan ọkàn bá kú, àpá ló ń rọ́pò rẹ̀, àpá kò sì lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde.

Àpá yìí kan náà ló ń borí ẹ̀dọ̀. Àrùn mẹ́dọ̀wú àti ọtí àmujù ń ṣe é léṣe lọ́dọọdún títí àpá yóò fi gba ibi tí sẹ́ẹ̀lì tuntun ì bá wà. Nítorí náà, kí olúkúlùkù lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún mẹ́dọ̀wú, kí àwọn òbí sì rí i pé ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i.