Láti Àsùbáà dé Alásàrí

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ikú abiyamọ kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Olóògbé kò lórúkọ nínú ìwé wọn, nọ́ọ̀sì kò lórúkọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹlẹ́bi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1952. Ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò fi òfin gbé e kalẹ̀ l'Óǹdó ní 2010. Ó ti wá di ti Nàìjíríà lápapọ̀. Èmi náà ò ní dárúkọ. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti obìnrin kan ṣoṣo. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo kó jọ, tí mo sì tò bí àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹbí lẹ́nu wò ṣe máa ń tò ó.

Àsùbáà. "Wọ́n ń pèrun lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó ọmọ mi ní inú ń run òun," ìyá ọkọ ló wí bẹ́ẹ̀. Oníwàádìí kọ 5:30. Lábúlé tó wà lódìkejì ọ̀sà, ìrun, ọkọ̀ ojú omi àti ọjà Olúwo ni wọ́n fi ń mọ àkókò.

Aago méje. Wọ́n ti dé ilé ìyá abíyè. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ìbímọ 39 péré nínú 100 ló wáyé nílé ìwòsàn. Ẹ má pe àwọn yòókù ní òpè. Ìyá abíyè gbọ́ èdè wọn, ó ń gbowó díẹ̀díẹ̀, òun ló sì gbẹ̀bí ọkọ gan-an. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ń forúkọ irú wọn sílẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. Ọmọ dé, akọ ni. Ẹ kú ewu ọmọ!

Ibi ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ìyá ọkọ ní kò pẹ́ sígbà yẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe òun. Oníwàádìí kọ 9:30.

"Ẹ̀jẹ̀ náà tó báwo, Màmá?"

"Ó pọ̀."

"Ìró mélòó ló rin?"

Màmá ka ìka. "Ìró méjì, àti àdìrẹ tí mo yọ lára mi."

Tí ẹ̀jẹ̀ tó sun bá ti tó omi inú ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan, àwọn dókítà á ti máa sáré. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òdiwọ̀n sábẹ́ obìnrin, tí wọ́n sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ewu ńlá tí ìsun ẹ̀jẹ̀ ń fà á dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ìró kò ní àmì. Èyí tó bá pọ́n kì í tilẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ hàn.

Aago mọ́kànlá títí kọjá àìlà. Wọ́n ń wá ọkọ, ó wà lójú omi, fóònù rẹ̀ ò lọ. Wọ́n ń wá owó. Wọ́n ń wá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní epo. Ẹni tó bá gbé létí ọ̀sà rí mọ ìyókù.

3:20. Ìgbà àkọ́kọ́ rè é tí ìṣẹ́jú wọ ọ̀rọ̀ yìí láìsí àbá, nítorí wọ́n ti dé ilé ìwòsàn, rẹ́jísítà sì wà níbẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí ẹbí wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

4:10. Ó bá ìkúnlẹ̀ lọ. Lẹ́nu ẹbí, alásàrí ni.

Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi irú ikú báyìí tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24. Bó bá jẹ́ abúlé ló ti ṣẹlẹ̀, wákàtí 48. Ká ní inú ọkọ̀ ló kú sí ńkọ́? Wọn ì bá ti sin ín kí mọ̀gàríbù tó wọlé. Ta ni ì bá lọ sọ? Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: àádọ́ta ìṣẹ́jú tó lò nílé ìwòsàn ní ìwé lẹ́yìn, wákàtí mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ṣáájú, ẹnu arúgbó méjì ló wà.

Arúgbó kejì ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá abíyè rò pé wọ́n wá gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òun ni.

"Màmá, a ò kọ orúkọ yín síbì kankan."

Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. "Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ náà á dá ni. Àgbo ni mo ń sè. Ọmọ ti mu ọmú yó, ó ti sùn, kí n tó ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ."

"Ó tó wákàtí kan?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Oníwàádìí fagi lé 9:30, ó kọ 10:30. Nínú wákàtí yẹn, ọ̀rọ̀ ò tíì kan ọkọ̀ ojú omi, kò tíì kan owó. Ó bi í bóyá hóró oògùn misoprostol wà nílé, èyí tí kò nílò fíríìjì, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí fún ìsun ẹ̀jẹ̀ láti 2006.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún mi," ni ìyá abíyè wí. Oníwàádìí kọ ìyẹn náà sílẹ̀.